Àwọn Ọmọ Èkó tí Òkun Gbé Lọ sí Ogun

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)

  

Nígbà tí Akọ̀wé wa kọ ìwé sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtẹ̀síwájú ìlú, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí ọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà, nípa omi, tàbí nípa ilé ẹ̀kọ́. Gbogbo rẹ̀ ni a nílò. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà ní ọrùn wa tí a kò tíì san, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a jẹ ní gbèsè náà kò lè béèrè rẹ̀ mọ́. Àwọn ni àwọn ọmọ ìlú yìí tí wọ́n wọ ọkọ̀ ní etí òkun wa, tí wọ́n lọ sí ogun, tí àwọn kan bọ̀, tí àwọn kan kò sì bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé ara mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, àwòrán kan wà lára ògiri yàrá ìyá mi àgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó wọ ṣòkòtò kúkurú ti ọmọ ogun, ó dúró ṣánṣán, kò rẹ́rìn-ín. Bí a bá béèrè ẹni tí í ṣe, ìyá àgbà a ní, “Ẹ̀gbọ́n mi tí ó lọ sí Bọ́mà ni.” Bí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, a yí ojú sí iṣẹ́ rẹ̀. A kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá àgbà ti di ará ọ̀run, ilé náà ti wó, a sì ti tún un kọ́. Àwòrán náà wà ní ọwọ́ mi di òní, ṣùgbọ́n kò sí ẹnìkan nínú ìdílé wa tí ó lè sọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni a ní, a ti sọ orúkọ rẹ̀ nù. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí pé ẹnu kò yún mi láti béèrè nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wà láàyè.

Ẹ̀yin ará, ìlú wa dàbí àwòrán náà. Ẹ rìn ká Èkó kí ẹ wo orúkọ àwọn bárékè ọmọ ogun. Arakan wà ní Apápá. Myohaung wà ní Yábàá. Dodan wà ní Ìkòyí. Abalti wà ní ọ̀nà Ojúẹlẹ́gba. Ojoojúmọ́ ni àwọn onímọ́tò ń ké orúkọ wọ̀nyí, tí àwọn èrò sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Èwo nínú wọn ni orúkọ Yorùbá? Kò sí ọ̀kan. Abalti jẹ́ orúkọ ibi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà ní Ethiópíà ní ọdún 1941. Arakan, Myohaung àti Dodan sì jẹ́ orúkọ ibi tí wọ́n ti jà ní ilẹ̀ Bọ́mà ní 1944 àti 1945. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe rí: a mọ orúkọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn, a kò mọ orúkọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ṣàn.

Ogun ńlá méjì ni àwọn ènìyàn wa lọ. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Ní oṣù September ọdún náà, àwọn ọkọ̀ Nigeria Marine wà lára àwọn tí ó lọ gba Duala ní ọwọ́ àwọn Jámánì ní Kamẹrúùnù. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 1916, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà wọ ọkọ̀ lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì ja ìjà kíkan ní Mahiwa ní oṣù October 1917. Àwọn aláàárù bá wọn lọ. Wọ́n ń ru oúnjẹ, wọ́n ń ru ọta ìbọn, wọ́n ń ru àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ lọ. Àrùn àti ebi sì pa nínú wọn ju ohun tí ìbọn pa lọ. Lẹ́yìn ogun náà a gbé ère sí Idúmọ̀tà, ti ọmọ ogun kan àti ti aláàárù kan. Àwọn àgbà tí ó wà níhìn-ín yóò rántí wọn. A ti gbé wọn kúrò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ń tajà ní Idúmọ̀tà lónìí kò sì mọ̀ pé wọ́n dúró níbẹ̀ rí.

Èkejì ni èyí tí àwọn ìyá wa ń pè ní ogun Hítílà, láti 1939 dé 1945. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà wà lára àwọn tí ó wọ Mogadishu ní February 1941, tí wọ́n sì wọ Harar ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn èyí ni a kó wọn lọ sí Índíà àti Bọ́mà. Ní àfonífojì odò Kaladan, igbó dí, òkè pọ̀, ọ̀nà ọkọ̀ kò sí. Orí ni wọ́n fi ru ẹrù la igbó náà kọjá, ọkọ̀ òfurufú ni ó sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ní January 1945 ni a gba Myohaung. Ìtòsí ìlú Rangoon, tí a ń pè ní Yangon nísinsìnyí, òkúta ìrántí kan wà tí a kọ orúkọ tí ó tó bí 27,000 sí, orúkọ àwọn tí a kò mọ ibojì wọn. Orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà níbẹ̀. Àwọn àjèjì ń kọjá, wọ́n ń kà á. Àwa tí a bí wọn kò kà á.

Kì í ṣe orí ilẹ̀ nìkan ni wọ́n ti sìn. Ọmọ Èkó ni Peter Thomas. Èkó ni a bí i sí ní 1914, ó sì di òṣìṣẹ́ onípò nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, ẹni àkọ́kọ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó dé ipò náà. Ọkọ̀ òfurufú já lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní January 1945, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kí ó parí. Ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibojì rẹ̀ wà. Àwọn tí ó mọ̀ nípa òfin mọ orúkọ Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di lọ́yà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni wọ́n.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn atukọ̀. Wọn kò gbé ìbọn, ṣùgbọ́n ikú ń wá wọn kiri. Ọkọ̀ Apapa, tí ó ń ná ọ̀nà Èkó àti Liverpool, ni a rì ní November 1940. Ọkọ̀ Abosso ni a rì ní October 1942. Ní Tower Hill ní Lọ́ńdọ̀nù, a kọ orúkọ àwọn atukọ̀ oníṣòwò tí òkun jẹ́ ibojì wọn sí ara ògiri. Kí àwọn ọmọ wa tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ síbẹ̀, kí wọ́n wá orúkọ tí ó jọ ti ilé wọn.

Àwọn tí ó jókòó sí ilé pẹ̀lú gbé ẹrù ogun. Nígbà tí àwọn aláṣẹ fi ipá dá iye owó gàárì, tí oúnjẹ sì wọ́n ní ọjà, Madam Àlímọ̀tù Pẹlẹwura kó àwọn ìyálọ́jà Èkó jọ, ó sì dúró níwájú àwọn aláṣẹ láìbẹ̀rù. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ wà ní Bọ́mà, tí ó sì ń jà kí àwọn ọmọ yòókù má baà sùn ní ebi, ta ni yóò sọ pé kò sin ìlú ní ìgbà ogun?

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé, “Ogun òyìnbó ni. Kí ni ó kàn wá?” Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. A kò pe àwọn baba wa sí ìgbìmọ̀ nígbà tí a dá ogun náà sílẹ̀. Àwọn kan lọ nítorí owó oṣù, àwọn kan nítorí pé wọ́n fẹ́ rí ayé, àwọn kan nítorí pé a fi ipá mú wọn. N kò wá láti yin ogun, nítorí pé ogun kò dára lọ́nàkọnà. Ohun tí mo ń wí ni pé, ẹni tí ó ni ogun lè jẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kú kì í ṣe àlejò. Ọmọ wa ni.

Ẹ̀yin àgbà mọ àṣà wa. Bí ẹnìkan bá kú sí ọ̀nà jíjìn tí a kò lè gbé òkú rẹ̀ wá, irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni a máa ń mú wá sílé kí a sin ín, kí ó má baà sùn sí ìdálẹ̀. Láti Bọ́mà, irun kò dé, èékánná kò dé. Orúkọ nìkan ni ó kù tí a lè mú wá sílé. Bí a bá jẹ́ kí èyí náà sọnù, kí ni a óò sin?

Ẹ wo ohun tí ìwé kíkọ lè ṣe. Isaac Fadoyebo kì í ṣe ọmọ Èkó. Ọmọ Ẹmùré-Ilé ní ìtòsí Ọ̀wọ̀ ni. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun. Ní March 1944 ó fara gbọgbẹ́ ní etí odò Kaladan, àwọn ará abúlé kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí sì fi í pamọ́, wọ́n ń bọ́ ọ fún oṣù mẹ́sàn-án títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Ó padà sílé, ó jókòó, ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, a sì tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1999. Ó kú ní 2012, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò bá a kú. Mélòó nínú àwọn ọmọ Èkó ni wọ́n gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ nítorí pé kò sí ẹni tí ó fún wọn ní ìjókòó àti kálàmù?

Nítorí náà, mo gbé ohun mẹ́ta kalẹ̀ níwájú Ẹgbẹ́. Èkínní, kí a ra ìwé ńlá kan tí a óò máa kọ orúkọ sí ní agboolé kọ̀ọ̀kan: ọmọ ogun, aláàárù, atukọ̀, alásè, nọ́ọ̀sì, láìfi ti ẹ̀sìn tàbí ipò ṣe. Èkejì, kí ẹni tí ó bá ní àwòrán, lẹ́tà tàbí àmì-ẹ̀yẹ nínú àpótí mú un wá kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì dá a padà fún un. Ẹ̀kẹta, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù January lọ́dọọdún, ọjọ́ tí Nàìjíríà yàn fún ìrántí àwọn ọmọ ogun nítorí pé ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970, kí a ka orúkọ inú ìwé náà sókè ní etí òkun, kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gbọ́ ọ. Èyí kò ní gba owó púpọ̀. Ohun tí yóò gbà ni kí á béèrè kí ó tó pẹ́ jù.

Èmi yóò kọ́kọ́ mú àwòrán tèmi wá. Bóyá àgbà kan wà nínú ìlú yìí tí yóò wò ó, tí yóò sì wí pé, “Mo mọ̀ ọ́n. Báyìí ni à ń pè é.” Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi àgbà yóò ti ti Bọ́mà dé.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí tiwa gbẹ.