Yàrá Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Gbé

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún, lórí gbọ̀ngàn ìlú tí a fẹ́ kọ́ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

Ẹgbẹ́ ní kí àwa ọmọ yín tí a ń ṣe iṣẹ́ ilé kíkọ́ yẹ àwòrán gbọ̀ngàn náà wò, kí a sì sọ iye ẹ̀rọ amúlétutù tí yóò tó o. A ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n kí a tó dé orí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ òkè àjà ni a ní láti kọ́kọ́ sọ.

Ní ilé àwọn baba wa, igi ni wọ́n ń tò, tí wọ́n sì ń fi amọ̀ rẹ́ lé e lórí, kí ó tó di àjà. Koríko tàbí ewé ni ó sì bo ilé. Bí oòrùn ti wù kí ó mú tó, ewé kì í jẹ́ kí ooru rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, amọ̀ a sì tún gba ìyókù. Àgbàlá wà láàrin ilé, ojú rẹ̀ ṣí sí ọ̀run, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà lọ. Ẹ rántí ààfin Ògògà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí àgbàlá ká níbẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ òpó fún láàrin 1910 sí 1914. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà lè rí ọ̀kan nínú àwọn òpó náà ní Chicago. Ilẹ̀kùn ààfin kan náà sì ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1924. Wọ́n kó òpó àti ilẹ̀kùn lọ, ṣùgbọ́n wọn kò kó ọgbọ́n àgbàlá lọ. Àwa fúnra wa ni a gbàgbé rẹ̀.

Owó kòkó dé, páànù sì dé pẹ̀lú rẹ̀. A kò ní bú páànù, nítorí ó gbà wá lọ́wọ́ iná àti òjò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, páànù lè gbóná kọjá 60°C. Bí a bá wá kan àjà pa sábẹ́ rẹ̀ láìsí ihò, a ti dá yàrá kan sílẹ̀ láàrin àjà àti páànù, yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í gbé, àfi eku. Àwọn oníṣẹ́ ilé ní òkè òkun ń pè é ní plenum, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń gba inú rẹ̀ da afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ padà. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ nínú ilé kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa: ẹni tí ó bá ti kàwé ní ilé ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn, tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, yóò rántí ògiri oníhò tí ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá.

A ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. EnergyPlus ni a fi ṣe ìṣirò wa, ètò kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2001. Nígbà àkọ́kọ́, a fi òkè àjà kún gbọ̀ngàn gẹ́gẹ́ bí yàrá kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà, tí kì í ṣe ju ohun tí a bá rán an lọ, rò pé a fẹ́ mú òkè àjà tutù pẹ̀lú, ó sì béèrè ẹ̀rọ tí ó pọ̀ ju èyí tí ó yẹ. Díẹ̀ ni ó kù kí a mú ìṣirò náà tọ ẹgbẹ́ wá. Owó tí àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn olùkọ́ dá ni à bá fi ra ẹ̀rọ tí yóò máa mú eku tutù! Ní ẹ̀ẹ̀kejì, a ya òkè àjà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí yàrá tirẹ̀, tí kò ní ènìyàn, tí kò ní ẹ̀rọ: oòrùn ń ti òkè wọ inú rẹ̀, ooru ń ti inú rẹ̀ gba ara àjà sọ̀ kalẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba ihò tí a bá fún un wọlé, tí ó sì ń jáde.

Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Gbọ̀ngàn náà gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 12, òkè àjà rẹ̀ sì ga tó mítà kan ààbọ̀ bí a bá pín in dọ́gba. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wọ̀n tó nǹkan bí 400 kìlógíráàmù, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì mẹ́jọ. Láti fi ìwọ̀n 10 dín gbígbóná rẹ̀ kù, ooru tí a ó mú kúrò kò ju èyí tí yóò mú omi tútù lítà 12 hó lọ. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n páànù kò ní yéé dá a padà títí oòrùn yóò fi wọ̀. Nítorí náà ihò gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ etí òrùlé àti ní ṣóńṣó rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ gbígbóná, tí ó fúyẹ́, lè máa gòkè jáde láìdúró.

Síbẹ̀ ihò nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá ń yáná mọ̀ pé iná a máa ta ojúgun bí afẹ́fẹ́ àárín tilẹ̀ tutù. Bẹ́ẹ̀ ni páànù ń ta àjà. Bébà onídídán ni a fi ń dá èyí dúró: kí a tẹ́ ẹ sábẹ́ páànù, kí ojú tí ó ń dán kọ ìsàlẹ̀, nítorí bí ó bá kọ òkè, eruku ọyẹ́ yóò bò ó, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù.

Ní ti atẹ́gùn, a kò gbára lé e nínú ìṣirò wa. Ìlú wa wà láàrin àwọn òkè bí Olósùnta àti Òrólè, atẹ́gùn ibẹ̀ kò sì jọ ti pápákọ̀ òfuurufú Àkúrẹ́ tí a ń ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀. A ṣírò bí ẹni pé ewé kan kò mì.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí ẹgbẹ́ má tíì ra ẹ̀rọ, kí a sì dá àwòrán padà fún ayàwòrán. Kí ó fi ihò sí i, kí ó fi wáyà oníhò wẹ́wẹ́ bò ó nítorí àdán. Kí ó má sì gba òkè àjà da afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ padà, bí a ti ń ṣe ní àwọn ọ́fíìsì kan ní Èkó, nítorí ooru páànù ni ẹ̀rọ yóò máa mu, epo dísù ìlú ni yóò sì máa jó. Nígbà tí àwòrán tuntun bá dé, a ó tún ṣírò rẹ̀, a kò sì ní gba kọ́bọ̀.