Philidor: Olórin tí ó Kọ Ìwé Ayò

Láàrin wa, ẹni tí ó bá jókòó ti ọpọ́n ayò lọ́sàn-án gangan, ọ̀lẹ ni a ó pè é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ará Faransé kan tí ayò gbà là nígbà tí orin já a kulẹ̀.

François-André Danican Philidor ni orúkọ rẹ̀. Dreux ni a gbé bí i ní 1726. Ìdílé olórin ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ ni ó ń tọ́jú àwọn ìwé orin ọba. Ọmọdé ni nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́ akọrin ilé ìsìn ọba ní Versailles. Nígbà tí àwọn olórin bá ń dúró de ìsìn, ayò ṣẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń ta. Ojú ni ọmọ náà fi kọ́ ọ.

Ọpọ́n onílé 64 ni ọpọ́n ayò yìí. Ẹni méjì ní í ta á, ọmọ 16 sì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ká ọba mọ́, eré parí. Ẹlẹ́sẹ̀ ni mẹ́jọ nínú àwọn ọmọ náà. Wọn kì í rìn sẹ́yìn, wọn kò sì jọ ẹni pàtàkì lójú òpè.

Ní 1745, Philidor bá àwọn olórin lọ sí ilẹ̀ Hólándì. Ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó yẹ kí ó ṣe eré pẹ̀lú wọn kú, ètò náà sì dàrú. Rotterdam ni Philidor há sí láìlówó lọ́wọ́. Ayò ni ó fi ń jẹun. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1747, ó borí Philip Stamma, ọmọ Aleppo, tí òun náà ti kọ ìwé lórí eré yìí.

Ní 1749 ni ó tẹ ìwé tirẹ̀ jáde. Ibí yìí ni èmi olùkọ́ fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù. Àwọn ìwé tí ó ṣáájú a máa wí pé kí a gbé èyí, kí a gbé tọ̀hún. Philidor sọ ìdí rẹ̀. Ó ní àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹ̀mí ayò náà: bí wọ́n bá ti ara wọn lẹ́yìn, wọn a ṣí ọ̀nà fún àwọn ọmọ ńlá, bí wọ́n bá fọ́nká, ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀ wọ́n. Àwọn àgbà tí ń ta ayò ọlọ́pọ́n ní ìlú wa náà mọ ìdí, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti mú gègé jókòó tì wọ́n?

Kò kọ orin sílẹ̀. Ó padà sí Párísì ní 1754, eré orin rẹ̀ *Le sorcier* ti 1764 sì gbayì. Síbẹ̀, láti 1775, ọdọọdún ni ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń sanwó fún un láti wá ta ayò fún wọn. A máa ta á láìwo ọpọ́n rárá. Diderot òǹkọ̀wé kọ lẹ́tà sí i ní 1782 pé kí ó má fi ọpọlọ rẹ̀ tàfàlà bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn rere ni, ṣùgbọ́n Diderot kọ́ ni yóò bọ́ aya àti ọmọ Philidor.

Ní 1792 ó tún lọ sí Lọ́ńdọ̀nù gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Rògbòdìyàn gbóná ní Faransé. Ogun bẹ́ láàrin ilẹ̀ méjèèjì ní 1793, a sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí wọ́n sá kúrò nílùú. Kò lè padà sọ́dọ̀ aya àti ọmọ ní Párísì. Lọ́ńdọ̀nù ni ó kú sí ní oṣù kẹjọ 1795.