Ọgbọ́n Ọkàn fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Re Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí kì í ṣe ti bí a ti ń yege nínú ìdánwò, nítorí ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú òyìnbó bá ti gbà ti fi hàn pé orí òun pé; ọ̀rọ̀ ọkàn ni, èyí tí olùdánwò kan kì í bi ọmọ léèrè kí ó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ní ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Salovey àti John Mayer, ṣàlàyé ọgbọ́n ọkàn yìí, ọgbọ́n tí í ṣe ti ìmọ̀lára: kí ènìyàn mọ ohun tí ń ṣe òun nínú àti ohun tí ń ṣe ẹnìkejì rẹ̀, kí ó lè ya ìbẹ̀rù sọ́tọ̀ kúrò lára ìbínú, kí ó sì fi ohun tí ó mọ̀ yìí darí èrò àti ìṣe rẹ̀. Àwọn baba wa ní ìbínú kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n sùúrù tí ọmọ fi ń pa ìrora mọ́ra títí ìrora náà fi jẹ ẹ́ run, èmi kò pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Sverre Lysgaard, tí ó wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ará Nọ́wè tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní ọdún 1955 pé ara tu àwọn tí kò tíì lo oṣù 6 níbẹ̀ àti àwọn tí ó ti lò ju oṣù 18 lọ, ju àwọn tí ó wà láàárín lọ. Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gba ọ̀nà yìí. Ẹlòmíràn wà tí ìyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti gúnlẹ̀. Ọmọ tí a kọ́ láti dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kí ó sì rẹ ojú sílẹ̀, ni olùkọ́ wá ń sọ fún pé kí ó fi orúkọ lásán pe òun, kí ó sì bá òun jiyàn lójú gbogbo kíláàsì. Ilẹ̀ ń ṣú ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Kejìlá, ará ilé kan náà sì ń kọjá lórí àtẹ̀gùn láìkí i. Bí kò bá mọ inú ara rẹ̀, yóò pe àárò ilé ní ìkórìíra òyìnbó, yóò sì pe ìkórìíra tòótọ́, nígbà tí ó bá dé, ní ẹ̀bi ara rẹ̀.

Kò sí àpẹẹrẹ tí ó wọ̀ mí lọ́kàn tó ti Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ abẹ́ Olúmọ, tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1922, tí ó sì kọ́ ìmọ̀ òfin níbẹ̀. Owó kò sí lọ́wọ́, ó dá wà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílé wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà tí wọn kì í fi yàrá háyà fún aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 1924, nígbà ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní Wembley, ìwé ìròyìn kan fi ẹ̀sùn jíjẹ ènìyàn kan àwọn ará ilẹ̀ wa. Inú bí Ṣólàńkẹ́, ó sì tọ́ kí inú bí i. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìbínú náà di èyí tí yóò jókòó tì nínú yàrá òtútù: ó mú kálàmù, ó kọ lẹ́tà, nígbà tí yóò sì fi di ìparí ọdún náà, òun àti Amy Ashwood Garvey, obìnrin ará Jàmáíkà, ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà jọ sínú ẹgbẹ́ kan. Ní ọdún 1925 ni WASU, ẹgbẹ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dìde. Láti 1929 títí di 1932 ni Ṣólàńkẹ́ rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà káàkiri tí ó ń tọrọ owó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó sì di 1933, ilé náà ṣí ní Camden, níbi tí aya rẹ̀, Ọpẹ́olú, ti ṣe ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ títí wọ́n fi ń pè é ní Mama WASU. Ṣólàńkẹ́ mọ ohun tí ń dun òun, ó sì mọ̀ pé ohun kan náà ń dun ẹlòmíràn ní yàrá kejì.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ọdún ẹ̀kọ́ gùn kí a tó relé. Nítorí náà ni mo fi ń bẹ ẹ̀yin òbí: nígbà tí ẹ bá pe ọmọ lórí fóònù, kí ẹ tó béèrè máàkì, kí ẹ tó ka gbèsè tí ẹ jẹ nítorí rẹ̀ sí i létí, ẹ bi í bí ó ti sùn àti ẹni tí ó bá jẹun, bí ó bá sì sunkún, ẹ má sọ fún un pé akọni kì í sunkún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kí oṣù kìíní tó parí, kí ẹ sì tọ agbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ yín lọ nígbà tí ọkàn bá wúwo, kí ó tó di àìsàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì ni owó tí ẹ san ti kárí rẹ̀.