Ojú Títì Ni Ilé Ẹ̀kọ́ Ọlọ́nà



Ẹlòmíràn nínú yín máa ń wí pé: "Mo ti mọ ìwé kọ wàyí. Kí ni kí n wá máa kọ?" Àwọn àgbà ní bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ti òní kò gba ìrìn jíjìn. Ẹ wo ojú títì. Ẹ wo ìyá tó ń kiri àkàsà, ẹ wo onízẹ́mìjan tó ń dúró de èrò nínú oòrùn. Ìwé ń bẹ lára wọn.

Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ wo ère tí wọ́n ń gbé sórí jó. Nísàlẹ̀, ojú ènìyàn ni, ó tutù pẹ̀sẹ̀. Lókè rẹ̀ ni iṣẹ́ ayé wà: obìnrin tó ru igbá, aránṣọ àti ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí alùpùpù dé ìlú, òun náà gun orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pé ìṣúra gbogbo ayé ni. Ohun tí wọ́n yìn náà ni ti ojúde wa níhìn-ín.

Ẹ gbọ́ ti Romuald Hazoumè, tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní ọdún 1962. Ó wo àwọn tó ń fi alùpùpù kó epo kpayo wá láti Nàìjíríà. Wọn a máa fi iná fẹ bídọ̀n lójú kí ó lè gba epo sí i. Bí ó bá fẹ̀ jù, ó lè bẹ́, kí iná sì jó ẹni tó gbé e. Hazoumè rí i pé bídọ̀n yìí jọ ènìyàn tí a di ẹrù lé ju agbára rẹ̀ lọ. Ó gé e, ó sọ ọ́ di ojú ènìyàn. Ó to irú rẹ̀ 304 bí ọkọ̀ tí wọ́n fi kó ẹrú, ó pè é ní *La Bouche du Roi*. Ní ọdún 2007, wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ìwòran ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù.

Báwo ni ẹ̀yin náà yóò ṣe ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ kí òṣìṣẹ́ náà, kí ẹ tọrọ àyè. Ẹ tẹ́tí sí bí ó ṣe ń polówó, kí ẹ kọ ọ́ bí ó ti wí i gan-an. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń dùn ún nínú iṣẹ́ náà àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá lè kó o sí wàhálà, ẹ má kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́: iṣẹ́ tó fi ń bọ́ ọmọ ni.

Ẹ má fi falẹ̀ o. Orin ẹ̀fẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì kọ́, a máa bá ẹni tó ń kọ ọ́ wọ ilẹ̀ ni. Ìpolówó ìyá àgbà náà ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ di gègé mú ni ẹ lè dá a dúró.

Kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, kí oníkálukú kọ ìlà márùn-ún nípa òṣìṣẹ́ kan, kí ó sì kà á sí ẹni náà létí.