Kí A Tó Ra Transfọ́mà Mìíràn

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, nítorí náà ẹ ò ní gbọ́ òṣèlú lẹ́nu mi. Ọ̀rọ̀ owó àti wáyà ni mo bá wá.

Ẹ̀ka wa kan lókè òkun ti ṣèlérí pé àwọn máa ra transfọ́mà kejì fún wa. Olúwa á san án fún wọn, mi ò fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kí ni àkọ́kọ́ ti ṣe fún wa? Transfọ́mà kì í pèsè iná. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gba iná tó le láti orí wáyà ńlá, kó sọ ọ́ di ìwọ̀n tí ilé lè lò. Bí iná ò bá wá, irin tútù tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ni. Bó bá sì jóná, àwa la ó tún máa dáwó àtúnṣe, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ló ń fi í pawó. Àjọ NERC ní ìlànà lórí èyí: àwùjọ tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ bá ilé-iṣẹ́ náà tọwọ́ bọ̀wé lórí bí wọn yóò ṣe dá owó náà padà. Mo wo inú fáìlì ẹgbẹ́. Kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ká wọ inú ilé lọ, torí pé inú ilé ni owó ti ń jò. Ẹni tó ń wá iná kún iná láì wo ohun tó ń jẹ iná, omi ló ń bù sínú agbọ̀n.

Ẹ mú ilé kan tó ní gílóòbù àtijọ́ mẹ́wàá, àwọn tó máa ń gbóná yẹn, wáàtì 60 lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá tàn fún wákàtí márùn-ún, yúníìtì mẹ́ta ti lọ. Ẹ yọ wọ́n, kí ẹ fi LED oní-wáàtì 9 rọ́pò wọn: kò tó ìdajì yúníìtì. Lápá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, páńẹ́lì sólà tó jẹ́ kílówáàtì kan lè mú bíi yúníìtì mẹ́ta sí mẹ́rin wá lóòjọ́, kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú òjò oṣù keje àti ìkẹjọ. Ìyẹn ni pé gílóòbù àtijọ́ nìkan á fẹ́ẹ̀ jẹ gbogbo iṣẹ́ páńẹ́lì náà tán, nígbà tí LED á fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀ fún fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti fóònù. Kí ẹ tó ra páńẹ́lì, gílóòbù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ó rọrùn, ó sì pọ́ọ́kú.

Fìríìjì tòkunbọ̀ náà ńkọ́? Ẹ fi owó bébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ tì í, kí ẹ wá fa owó náà. Tó bá yọ fẹ̀rẹ̀, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti kú, ọyẹ́ inú rẹ̀ ń jáde tọ̀sán tòru, ẹ̀rọ rẹ̀ ò sì ní sinmi. Rọ́bà yẹn ṣeé pààrọ̀. Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ní tirẹ̀ ń jẹ wáàtì 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ jọ lọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe ẹyọ kan lóròòwúrọ̀. Páànù tí kò ní sílíìnì lábẹ́ ló sì ń sọ yàrá di ààrò, ẹ wá ń fi fáànù mẹ́ta bá oòrùn jà. Ẹ fi sílíìnì sí i, kí ẹ fi ihò atẹ́gùn sí òkè ògiri, kí ẹ gbin igi sápá ìwọ̀-oòrùn. Ẹ̀yin àgbà rántí bí ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa ṣe máa ń tutù lọ́sàn-án. Àwa la fi búlọ́ọ̀kù àti ojú fèrèsé onígíláàsì tí kò ṣeé ṣí tán ṣe ọlàjú.

Ẹ wá wo jẹnẹrétọ̀. Èyí tó kéré jù tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, ká ní ó ń mu ìdajì lítà ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́rin lálẹ́, lítà méjì. Ní oṣù kan, 60 lítà. Bí lítà kan bá jẹ́ 900 náírà, 54,000 náírà nìyẹn, láì ka ọ́ìlì àti owó mẹkáníìkì. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, ẹ̀yin fúnra yín mọ bó ṣe rí. Mi ò tíì sọ ti èéfín rẹ̀ o, tó ń pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun nígbà tí wọ́n bá gbé e sẹ́nu fèrèsé.

Kí wá ni mo ń dá lábàá? Mini-grid: ibùdó sólà kan fún gbogbo ìlú, pẹ̀lú bátìrì, òpó àti wáyà tirẹ̀, tí ilé kọ̀ọ̀kan sì ní mítà tí wọ́n ń sanwó sí kí wọ́n tó lò ó. Kì í ṣe àlá. Ẹ lọ sí Gbamu Gbamu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìlú àgbẹ̀ ni, wáyà ìjọba ò dé ibẹ̀. Ní 2018 wọ́n ṣí ibùdó sólà oní-kílówáàtì 85 síbẹ̀; ilé-iṣẹ́ Rubitec ló kọ́ ọ, pẹ̀lú ìrànwọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti ìjọba Jámánì. Mo fẹ́ kí ìgbìmọ̀ wa wọkọ̀ lọ síbẹ̀, kí wọ́n bá àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n béèrè èyí tó dùn àti èyí tó ń dùn wọ́n.

Òfin ò ṣòdì sí wa. Ìlànà mini-grid tí NERC gbé jáde, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, fàyè gba àwùjọ láti bá oníṣẹ́ jọ ṣàdéhùn lórí owó iná. Ó sì ní ètò gbà-máà-bínú fún ẹni tó ti gba ìwé àṣẹ, bí wáyà ìjọba bá dé lẹ́yìnwá ọ̀la. Láti ìgbà Òfin Iná Mànàmáná 2023 ni àwọn ìpínlẹ̀ kan, Èkìtì àti Oǹdó lára wọn, ti gba àkóso iná sọ́wọ́ ara wọn. Torí náà, kí agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó láṣẹ ní ìpínlẹ̀ tiwa.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni. Oòrùn ni ọ̀fẹ́. Bátìrì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Yúníìtì mini-grid sábà máa ń wọ́n ju ti wáyà ìjọba lọ, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé Band A láti 68 náírà dé 225 náírà ní oṣù kẹrin 2024. Jẹnẹrétọ̀ ni kí ẹ fi wé, ẹ má fi wé iná tí kì í wá.

Ohun tó lè mú owó náà wálẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa. Ọ̀sán ni sólà ń ṣiṣẹ́. Bí gbogbo wa bá dúró di alẹ́ ká tó tan iná, inú bátìrì la ó ti máa fà á, bátìrì ló sì wọ́n jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá, ẹ̀rọ ìlọta, télọ̀ àti oníyìnyín bá ń lo iná náà láti aago mẹ́wàá sí mẹ́ta, láti orí páńẹ́lì tààrà ló ń bọ̀, owó sì ń wọlé sí ibùdó náà lójoojúmọ́. Dísù ni ẹ̀rọ gàrí wa ń mu báyìí. Ìyálọ́jà, ẹ̀yin lẹ mọ iye ẹ̀rọ tó wà lọ́jà àti iye tí wọ́n ń ná sórí dísù lọ́sẹ̀. Bí ìṣirò yẹn ò bá sí, kò sí oníṣẹ́ gidi tó máa dá wa lóhùn. Ẹ̀yin ará òkè òkun, bó bá jẹ́ èmi ni, ibí ni mo máa kó owó transfọ́mà yẹn sí: kí a fi ra mọ́tò oníná fún àwọn ẹ̀rọ gàrí, kí àwọn ìyá máa san án padà díẹ̀díẹ̀ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

Gbogbo wa la sì mọ iná òpópónà oní-sólà tí olóṣèlú kan gbé fún wa. Kò pé ọdún méjì tó kú. Páńẹ́lì ò bàjẹ́, bátìrì ló kú, kò sì sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti pààrọ̀ rẹ̀. Irú bátìrì àtijọ́ tó ń lo ásíìdì lè má ju ọdún mẹ́ta lọ, lithium lè tó mẹ́wàá tí a bá lò ó dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ló ń kú. Nítorí náà, láti oṣù kìíní ni owó bátìrì ti gbọ́dọ̀ máa wọ àkáǹtì tirẹ̀, kí ẹni mẹ́ta tó máa fọwọ́ sí i jẹ́ ará ilé, kì í ṣe ará Èkó. Kí a sì rán ọmọ ìlú mẹ́ta, kí obìnrin wà níbẹ̀, lọ kọ́ṣẹ́ títọ́jú rẹ̀. Ti gígé igbó àti nínu páńẹ́lì lásìkò ọyẹ́, ọ̀wẹ̀ tó o.

Fọ́ọ̀mù tí a ó fi ka ilé àti ohun èlò iná wà lọ́wọ́ akọ̀wé àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ gílóòbù, fìríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti iye owó epo oṣù kan sí i, kí ẹ má bù mọ́ ọn, kí ẹ má sì yọ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kó pe ọmọ ilé ìwé kan jókòó tì í. Ká ti dá gbogbo rẹ̀ padà kí ìpàdé gbogbogbòò tó dé, torí ìpàdé yẹn la ó ti dìbò lórí transfọ́mà.