ỌWỌ́ RẸ̀ KÒ RỌ

Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a sọ níwájú Àpéjọ Gbogbogbò
Ẹ̀kọ́ kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 3, ẹsẹ 1 sí 10, Ẹ́kísódù 31, ẹsẹ 1 sí 6

  

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn ọkùnrin arọ tí a máa ń gbé kalẹ̀ lójoojúmọ́ ní ẹnu-ọ̀nà tẹ́mpìlì tí a ń pè ní Dáradára. Ìwé Mímọ́ sọ fún wa pé ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ogójì ọdún. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun kan tí a kì í sábà wò níbẹ̀. Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ni ó ṣe ẹnu-ọ̀nà náà tí ó fi yẹ fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yìí jókòó ti iṣẹ́ ọnà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n a kò kà á níbì kan pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè ohun tí òun náà lè ṣe. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó rọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò rọ, nítorí ọwọ́ náà ni ó fi ń gba ọrẹ. Nígbà tí Pétérù sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gan-an ni ó dì mú.

Mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ níwájú yín. Ní ìjọ tí mo kọ́kọ́ ṣe olùṣọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, ọkùnrin kan wà tí ó máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àbáwọlé wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti rọ láti kékeré. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi ń fún un ní owó ní ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ pẹ̀lú ọkàn tí ó fúyẹ́. Nígbà tí a kò rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wádìí ibi tí ó ń gbé. Wọ́n ti sin ín. Nínú yàrá rẹ̀ ni mo ti rí abẹ̀bẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ tí a fi ìko hun, tí a fi aró àti osùn pa láró, ó tó ogún lára ògiri, ọ̀kan kò sì jọ èkejì. Mo bi onílé léèrè ẹni tí ó hun wọ́n. Ó ní, “Òun náà ni, Pásítọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ra abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ alágbe?” Ẹ̀yin ará, mo padà sílé, n kò lè jẹun. Ọdún mẹ́rin ni mo fi fún ọkùnrin náà ní ọrẹ. N kò bi í léèrè orúkọ rẹ̀, n kò sì ra abẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣì wà lọ́kàn mi nígbà tí mo lọ bẹ àwọn ará wa wò ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ilẹ̀ tí a ń pè ní Upper Volta títí di oṣù kẹjọ ọdún 1984. Ìlú oníṣẹ́ ọnà ni. Láti ọdún 1988 ni àfihàn ńlá ti iṣẹ́ ọwọ́ tí a ń pè ní SIAO ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń kó iṣẹ́ wọn wá láti ilẹ̀ Áfíríkà gbogbo. Ní ọdún 2000 ni a ṣí abúlé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ nínú ìlú náà, níbi tí àwọn tí ń da idẹ, àwọn ahunṣọ, àwọn oníṣẹ́ awọ àti àwọn agbẹ́gilére ti ń ṣiṣẹ́ lójú ẹni tí ó wá rajà.

Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ti rí ìpọ́njú ni pẹ̀lú. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti jà níbẹ̀. Àjẹsára ti lé e jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọlù ní èwe ti di àgbà. Àrùn tí eṣinṣin etí odò ń kó ran ènìyàn fọ́ ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀, títí àwọn ènìyàn fi sá kúrò ní abúlé etí odò. Ní Ouagadougou gan-an ni ibùjókòó ìjà tí a gbé ko àrùn náà wà, láti ọdún 1974 sí 2002. Nígbà tí ó sì di ọdún 2023, àwọn tí ìjà àwọn ajagun lé kúrò nílé ní ilẹ̀ náà ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n jẹ́ aláàbọ̀ ara ti kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Tigoung Nonma, kí wọ́n lè jẹ iṣẹ́ ọwọ́ wọn dípò kí wọ́n máa tọrọ.

Ará wa kan mú mi lọ sí ilé iṣẹ́ ọnà kékeré kan ní àdúgbò tirẹ̀, ó sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún mi. Olùkọ́ wọn jẹ́ obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ọwọ́ wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí a kò kọ́ mi ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Èkínní: ẹni tí ń kọ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tirẹ̀ rọ́pò ọwọ́ ẹni tí ó ń kọ́. Afọ́jú kan ń fi ìda mọ ewúrẹ́. Mo rí i pé ìwo rẹ̀ kan wọ́, mo sì na ọwọ́ láti tọ́ ọ. Obìnrin náà kígbe pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Pásítọ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá tún un ṣe, iṣẹ́ yín ni yóò dà.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìwo ewúrẹ́ ilé òun wọ́ gan-an bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi amọ̀ bo ìda náà, tí a ó fi iná sí i kí ìda lè yọ́ jáde, tí ẹni tí ó ríran yóò sì da idẹ gbígbóná sínú àyè tí ìda fi sílẹ̀. Nígbà tí idẹ bá tutù, a ó fọ́ amọ̀ náà. Amọ̀ kan, ère kan; a kò lè tún ṣe irú rẹ̀ gan-an mọ́ láé. Bẹ́ẹ̀ ni Amọ̀kòkò wa ọ̀run ṣe dá olúkúlùkù wa. Ta ni wá tí a ó máa na ọwọ́ tọ́ ohun tí kò wọ́ lójú Ẹni tí ó dá a?

Èkejì: ohun èlò ni a ń pààrọ̀, a kì í lé ènìyàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ kò lè lo òfì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ǹjẹ́ nítorí náà, kì í ṣe ahunṣọ? Òfì àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí a ń gbé nàró ti ògiri, ọwọ́ nìkan ni a fi ń hun ún. Adití kò gbọ́ ohùn olùkọ́, ṣùgbọ́n ó rí aró, ó rí ìda lórí aṣọ, ó sì rí ọwọ́ olùkọ́ tí ń fi iṣẹ́ hàn án. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí a bá fi sùúrù wá a, a ó rí kèrègbè tí ó gba ọwọ́ olúkúlùkù.

Ẹ̀kẹta: ọjà ni ọjà, àánú ni àánú. Mo ra àdìrẹ kan lọ́wọ́ wọn, mo sì san owó sẹ́fà tí ó ju iye rẹ̀ lọ, mo ní kí wọ́n mú ìyókù. Obìnrin náà ka ìyókù náà, ó sì dá a padà fún mi. Ó ní, “Bí aṣọ náà kò bá dára, ẹ má rà á. Bí ó bá dára, iye rẹ̀ ni kí ẹ san.” Ojú tì mí, ẹ̀yin ará. Mo tún fẹ́ sọ oníṣẹ́ ọnà di alágbe.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ìjọ aládùúrà ni wá, ìwòsàn ni kí a wá fún wọn.” Mo gba ìwòsàn gbọ́, ojú mi sì ti rí i. Ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé kí ènìyàn dúró de ìwòsàn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ayé. Ahọ́n Mósè wúwo nígbà tí a pè é. Olúwa fún un ní Áárónì, Ó sì rán an lọ. Àwọn kan wà láàrin wa tí a ti gbàdúrà fún ní ogún ọdún, tí wọ́n wá ń fi ojú pamọ́ ní ilé Ọlọ́run bí ẹni pé ẹ̀bi wọn ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí máa rí bẹ́ẹ̀.

Kí ìhìnrere tó dé, àwọn bàbá wa a máa pe abuké, àfín àti arọ ní ẹni òòṣà, wọn kì í sì í fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó yẹ kí àwa tí a mọ Ẹlẹ́dàá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ulli Beier kọ́ àwọn aláìsàn ọpọlọ ní àwòrán yíyà ní Lantoro, ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ohun tí ó lè ti ọwọ́ irú wọn jáde. Ní ọdún 2006, Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fi ọwọ́ sí àdéhùn kan pé kí a fún aláàbọ̀ ara láàyè láti lo ẹ̀bùn ọnà rẹ̀, fún àǹfààní ara rẹ̀ àti fún ọrọ̀ àwùjọ gbogbo. Burkina Faso gbà á ní ọdún 2009, Nàìjíríà ní 2010. Ìjọba ti sọ tirẹ̀. Kí ni Ìjọ ń wí?

Nítorí náà, mo fi èyí lé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ẹ mọ àwọn àgbàlagbà aláàbọ̀ ara tí ó wà láàrin yín ní orúkọ, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé ìjọ, èyí tí kẹ̀kẹ́ lè wọ̀. Ẹ wá oníṣẹ́ ọnà kan láàrin yín, aláró, ahunṣọ tàbí agbẹ́gilére, kí ó máa kọ́ wọn lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ra aṣọ pẹpẹ àti apẹ̀rẹ̀ ìgbọrẹ, ẹ rà á lọ́wọ́ wọn ní iye rẹ̀. Olúwa tí ó fi Ẹ̀mí kún Bẹsalẹli àti Aholiabu fún iṣẹ́ ọnà, Òun náà ni ó fi í sí wọn lọ́kàn láti kọ́ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá padà dé ilé ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, tí ẹ sì bá ẹnì kan ní ẹnu-ọ̀nà, ẹ dúró. Ẹ bi í ní orúkọ rẹ̀. Kí Olúwa fi okun sí ọwọ́ wọn, kí Ó sì ṣí ojú àwa tí a ti ń kọjá lára wọn. Àmín.