Kí Ló Dé Tó Jẹ́ Aláboyún Ni Wọ́n Ń Gún Lábẹ́rẹ́?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà

 

Ìbéèrè kan wà tí àwọn obìnrin máa ń béèrè nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá wọ abúlé. Wọ́n á ní: «Kí ló dé tó jẹ́ àwa obìnrin ni wọ́n ń wá kiri? Kí ló dé tó jẹ́ aláboyún ni wọ́n ń gún? Àbí wọn kò fẹ́ kí á bímọ mọ́ ni?» Ìbéèrè yìí kì í ṣe ìbéèrè òmùgọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí abẹ́rẹ́ náà wà fún. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára náà, ti àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní tétanọ́ọ̀sì ni. Ẹ lè má mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n bí ọmọ, ọmọ ké, ọmọ mu ọmú dáadáa. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, kò sí nǹkan. Láti ọjọ́ kẹta lọ, pàápàá ní nǹkan bí ọjọ́ keje, nígbà tí ará ilé ń múra ìkómọ, ọmọ kò lè mu ọmú mọ́. Ẹnu rẹ̀ kò là. Ara rẹ̀ le bí igi. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án, bí ilẹ̀kùn bá dún, ara rẹ̀ á tún le, á sì máa gbọ̀n. Òmíràn á kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Àwọn kan á ní gìrì ni. Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo orogún tàbí ìyá àgbà kan ní ìwòkuwò. Ilé á dàrú. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó pa ọmọ náà kò sí láàárín wọn.

Inú ilẹ̀ ló wà. Kòkòrò kékeré kan ni, ojú lásán kò lè rí i. Ó ń gbé inú erùpẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹran, ìgbẹ́ màlúù, ìgbẹ́ ẹṣin, ìgbẹ́ àgùntàn. Ó lè sùn sínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láì kú. Bí abẹ tí wọ́n fi gé ìwọ́ ọmọ bá dọ̀tí, tàbí tí wọ́n bá fi erùpẹ̀ tàbí ìgbẹ́ màlúù sí ìdodo ọmọ, kòkòrò náà rí ọ̀nà wọlé nìyẹn. Ó ń pọn oró sínú ara, oró náà ló ń mú gbogbo iṣan le.

Àìsàn yìí kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Ilẹ̀ gbígbóná tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dárúkọ, ara ènìyàn nìkan ló ń gbé. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lé e kúrò láyé, wọ́n sì kéde ní 1980 pé ó ti tán. Ti tétanọ́ọ̀sì kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò fọ gbogbo erùpẹ̀ ayé? Ara ènìyàn ni a lè dáàbò bò.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ ká dáhùn ìbéèrè àwọn obìnrin. Abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ tó ní oògùn tétanọ́ọ̀sì nínú, ìgbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ń fún un. Ṣùgbọ́n tétanọ́ọ̀sì ń pa ọmọ ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì. Kí abẹ́rẹ́ tó dé, àìsàn ti dé. Nítorí náà, inú ikùn ni ọmọ ti gbọ́dọ̀ gba ààbò rẹ̀. Bí wọ́n bá gún ìyá, ẹ̀jẹ̀ ìyá á pèsè ohun tó ń bá oró náà jà. Ohun náà á gba ibi ọmọ kọjá, bí oúnjẹ ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá, á sì wọ ara ọmọ. Ọmọ á bọ́ sáyé pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́. Ènìyàn méjì ni abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún.

Àwọn ọkùnrin ńkọ́? Tétanọ́ọ̀sì ń mú ọkùnrin náà. Ẹni tí àdá bá gé lóko, ẹni tí ìṣó bá gún lẹ́sẹ̀, ó lè kó o. Abẹ́rẹ́ náà tọ́ sí ọkùnrin bákan náà. Wọn kò wá wọn kiri bíi ti obìnrin nítorí pé ọkùnrin kì í lóyún.

Kí ló wà nínú abẹ́rẹ́ náà? Kòkòrò ààyè kò sí níbẹ̀. Oró kòkòrò náà ni wọ́n mú, wọ́n fi oògùn pa agbára rẹ̀. Ọmọ Faransé kan, Gaston Ramon, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí ọgbọ́n yìí, láàárín ọdún 1920 sí 1930. Ó dà bí ejò tí wọ́n ti yọ eyín oró rẹ̀. Kò lè pa ènìyàn mọ́, ṣùgbọ́n ara ti mọ bó ṣe rí, ọjọ́ tí èyí tó léyín bá dé, ara kò ní í bá a níjàfara.

Ọ̀rọ̀ pé ó ń sọ obìnrin di àgàn kì í ṣe tuntun. Ní 1990, ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gún àwọn ọmọbìnrin, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń sá kúrò nílé ìwé. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní tèmi o, n kò dá àwọn tó sá lẹ́bi tán. Bí wọ́n bá pe obìnrin sọ́tọ̀ tí wọn kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, ìbẹ̀rù ni yóò wá ìdí fúnra rẹ̀.

Ẹ fẹ́ ẹ̀rí? Ẹ wo ìwé abẹ́rẹ́ àwọn ìyá tó ti bí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ ó rí abẹ́rẹ́ oyún àkọ́kọ́, ẹ ó sì rí ti oyún kejì lábẹ́ rẹ̀. Àgàn kì í gba abẹ́rẹ́ oyún kejì.

Ohun tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà, a kò ní í fi pamọ́. Apá lè dunni, ó lè pọ́n, ó lè wú díẹ̀, fún ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ara lè gbóná díẹ̀. Kò ń ba oyún jẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n gidi kí ara ẹnì kan kọ̀ ọ́ tagbáratagbára. Bí yóò bá rí bẹ́ẹ̀, kíákíá ló máa ń hàn, nítorí náà ẹ má sáré lọ sílé. Ẹ jókòó díẹ̀ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Ẹni tí abẹ́rẹ́ bá sì ti ṣe lọ́ṣẹ́ rí, kó sọ fún un kó tó gún un.

Ní 1988, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ọmọ tuntun 787.000 ni tétanọ́ọ̀sì pa lọ́dún kan náà. Ní 2018, ó ti wá sílẹ̀ dé nǹkan bí 25.000. Abẹ́rẹ́ àwọn ìyá àti ìgbẹ̀bí tó mọ́ ló ṣe é.

Iye abẹ́rẹ́ náà: obìnrin tí kò gbà á rí, márùn-ún ni. Èyí àkọ́kọ́, ní kété tó bá ti mọ̀ pé òun lóyún. Ìkejì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn rẹ̀, kó sì ku ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán kó tó bímọ. Ìkẹta, lẹ́yìn oṣù 6. Ìkẹrin, lẹ́yìn ọdún kan. Ìkarùn-ún, lẹ́yìn ọdún kan sí i. Ẹni tó bá gba márààrún ti ní ààbò títí tí yóò fi bímọ tán.

Ibí yìí ni ìṣòro wà. A kì í tètè sọ oyún síta, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi í pamọ́ títí di oṣù kẹjọ, abẹ́rẹ́ kejì lè má bá a mọ́. Ẹ má sọ fún ìlú, ẹ sọ fún agbẹ̀bí. Ẹ̀yin ọkọ, owó alùpùpù tó ń lọ sílé ìwòsàn, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ yọ ọ́, ẹ má dúró kí wọ́n tó bèèrè.

Gbígba abẹ́rẹ́ kò ní ká fi erùpẹ̀ sí ìdodo o. Abẹ tuntun, ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀. Ohun tí agbẹ̀bí kò bá ní kí ẹ fi síbẹ̀, ẹ má fi í síbẹ̀.

Ó wá kan ìwé kíkà wa. Lórí ọ̀pọ̀ ìwé abẹ́rẹ́, ẹ ó rí VAT 1, VAT 2, títí dé VAT 5, tàbí Td 1, Td 2. Ọjọ́ tí wọ́n gún un wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí VAT 1 bá jẹ́ 12/03, tí VAT 2 sì jẹ́ 9/04, ẹ kà á: ọjọ́ 28 ni, ọ̀sẹ̀ 4 gééré. Ó tọ́. Bó bá jẹ́ 30/03 ni wọ́n kọ fún ìkejì, ó yá jù, ẹ béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí.

Ẹ má ju ìwé náà nù lẹ́yìn ìkómọ. Abẹ́rẹ́ oyún tó kọjá ṣì wà nínú ìṣírò. Ní kíláàsì tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ní ìwé nílé mú un wá, a ó jọ ka àwọn ọjọ́ inú rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ti sọnù, kó lọ sọ fún agbẹ̀bí, kí wọ́n wo ìwé ńlá ilé ìwòsàn bóyá orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀.